Ẹja Adágún Ẹnu Géètì

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jẹun tán ná kí ẹ tó ka ìtàn yìí. Kò ní pẹ́ tí ìdí rẹ̀ yóò fi yé yín. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ló bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí n má bo òun láṣìírí rárá nínú ohun tí òun ṣe. Mo gbà. Orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ni èmi náà yóò máa pè é: Àǹtí Omi-Mọ́.

Bátìrì ọkọ̀ ni ilé-iṣẹ́ wọn ń ṣe. Omi tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ, tó ti gba ara òjé àti ásíìdì kọjá, ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n ń dà á sí, ó sì ń ṣàn wọ inú gọ́tà àwọn ará àdúgbò. Nígbà tí àwọn ènìyàn wá ń dúró sẹ́nu géètì, tí wọ́n ń pariwo, ọ̀gá àgbà dá ọgbọ́n kan.

Ẹléyín ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ọ̀gá yìí lẹ́yìn, torí pé kò sí ìgbà tí eyín rẹ̀ kì í sí níta. Ó ń rẹ́rìn-ín bó bá ń gba ènìyàn síṣẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín náà bó bá ń lé e dànù. Ó ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Ó gbẹ́ adágún kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ géètì, ó ní kí wọ́n fa omi ilé-iṣẹ́ wá síbẹ̀, kí wọ́n kó ẹja sínú rẹ̀ kí gbogbo ayé wá wò ó. Wọ́n gbé pátákó gàgàrà kan kalẹ̀: OMI TÓ Ń JÁDE LÁTI ILÉ-IṢẸ́ WA NÌYÍ. ẸJA Ń GBÉ INÚ RẸ̀.

Àǹtí Omi-Mọ́ ló ronú ọ̀rọ̀ ara pátákó náà. Akọ̀wé lásán ni nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn mọ́ Ẹléyín débi pé ó ní òun náà ni kó máa mójú tó adágún, kó sì máa bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò pẹ́ sígbà náà, ó wọlé ó bá gbogbo ẹja tí wọ́n ti yí ikùn sókè.

Ẹja àrọ̀ ni o! Ẹja tó ń gbé inú ẹrẹ̀, tí wọ́n á fà jáde sórí ilẹ̀ gbígbẹ tí yóò ṣì máa jà. Gbogbo wọn fì sójú omi, ojú wọn ti funfun. Omi náà sì mọ́ gaara. Ó mọ́ débi pé ó ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà á.

Ó sáré gòkè lọ bá ọ̀gá.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo ẹja ti kú.”

Ẹléyín ò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ta ló rí i?”

“Èmi àti bàbá géètì.”

“Ẹ̀yin nìkan?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

“Ó dáa. Lọ ra òmíràn.”

“Sà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ńkọ́? Ó jọ pé kò ṣiṣẹ́.”

Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rọ yẹn ń jẹ iná jù. A ti pa á. Jókòó, ìwọ náà. Kí ló ń ká ẹ lára?”

Ó jókòó. Ẹléyín sọ fún un pé òun ń wá ẹni tí òun máa fi ṣe ọ̀gá ètò àyíká àti ọ̀rọ̀ ará àdúgbò. Ẹni náà máa ní ọ́fíìsì tirẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù. Ilé-iṣẹ́ máa gba ilé fún un.

“Ṣé o ní ẹnì kan lọ́kàn?” ni Ẹléyín bi í, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ ń wá ẹni náà kiri.

Nígbà yẹn, òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé nínú yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Bí òjò bá ti ń ṣú, ìyá á dìde, á ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí igun kan, á wá gbé abọ́ sáàárín bẹ́ẹ̀dì. Aránṣọ ni ìyá náà. Aṣọ àwọn ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n rán tí wọ́n fi rán ọmọ tiwọn lọ sílé ìwé.

“Mo ronú nípa màmá mi,” ni Àǹtí Omi-Mọ́ sọ fún mi. “Mo ní, ẹja lásán ni.”

Ẹja lásán! Mo ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́ ọ dáadáa, torí pé gbólóhùn yẹn ló fi gbé ara rẹ̀ tà.

Bó ṣe di iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ tí àlejò bá ń bọ̀, yóò ti dé kí àwọn yòókù tó dé. Á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, á mú àwọ̀n, á máa kó òkú jáde. Ara wọn máa ń fà bí ikun imú. Awọ wọn máa ń bó sára àwọ̀n, á ní láti fi ọwọ́ ha á kúrò. Lọ́jọ́ kan, ikùn ọ̀kan bẹ́ sí i láyà, ó sì ní láti fi aṣọ yẹn kí àlejò, pẹ̀lú lọ́fínńdà tó fọ́n sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, yóò da àwọn tuntun sínú omi. Àwọn náà ò ní rí àárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n títí àlejò á fi lọ, wọ́n á ṣì máa lúwẹ̀ẹ́. Bí omi náà bá ti ń tá wọn lára, wọ́n á máa yọ ẹnu sókè, wọ́n ń wá afẹ́fẹ́ kiri. Àwọn àlejò á máa rẹ́rìn-ín. “Ẹ wò ó, wọ́n ń kí wa!”

Àǹtí Omi-Mọ́ náà á rẹ́rìn-ín. “Wọ́n mọ àlejò ni. Omi yìí mọ́ débi pé ẹ lè fi wẹ ọmọ tuntun.”

Bàbá géètì ló máa ń bá a kó òkú ẹja náà sínú àpò. Àgbàlagbà jẹ́ẹ́jẹ́ ni, tí kì í bá ènìyàn jiyàn.

“Àǹtí, kí ló ń pa wọ́n ná?”

“Òoru ni, bàbá. Wọ́n sì tún pọ̀ jù lójú kan.”

“Háà! Ẹja tó sanra báyìí?”

“Ẹ ṣáà bá mi rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i.”

“Ó ti parí.”

Kò parí o. Àǹtí Omi-Mọ́ ò mọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n mi ò lè pa á mọ́ra fún yín. Bàbá géètì kì í rì gbogbo ẹja náà. Èyí tó bá ti bàjẹ́ ni wọ́n ń rì. Èyí tí ara rẹ̀ bá ṣì le, ilé ni wọ́n ń gbé e lọ. Ìyàwó wọn á là á, á fọ̀ ọ́, á yan án títí á fi dúdú tó ń dán, á wá pàtẹ rẹ̀ síkòríta ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́.

Ẹ má tíì bú bàbá náà. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbọ́ tí Àǹtí Omi-Mọ́ ń sọ fún àlejò pé omi náà mọ́. Wọ́n sì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé òoru ló ń pa ẹja. Ẹja tí òoru pa nínú omi tó mọ́, kí ló dé tí wọ́n á fi sin ín? Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé wọ́n gba obìnrin náà gbọ́.

Ta wá ni oníbàárà ìyàwó bàbá géètì tó gbájú mọ́ ọn jù? Ìyá Àǹtí Omi-Mọ́ ni, tí wọ́n ti kó wọ ilé tuntun tí ilé-iṣẹ́ gbà, tí kò jìnnà síkòríta yẹn.

“Màmá, ẹja adágún ọmọ yín nìyí o,” ni ìyàwó bàbá géètì sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. “Àmọ́ ẹ bá mi bò ó o. Wọ́n ní kí bàbá máa rì í ni. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á lé bàbá lẹ́nu iṣẹ́.”

“Èmi kẹ̀? Etí kejì ò ní gbọ́ ọ.”

Orí ìyá wú. Ọmọ òun ló ń tọ́jú ẹja tó dára báyìí! Wọ́n ń rà á, wọ́n ń sè é, wọ́n sì pa ẹnu mọ́ nítorí iṣẹ́ bàbá arúgbó kan. Ẹ ò rí i pé ènìyàn dáadáa ni ìyá náà.

Ní tábìlì oúnjẹ, Àǹtí Omi-Mọ́ ò lè fojú kan ẹja mọ́. Ó ń fi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń bó, síbẹ̀ òórùn yẹn ò lọ.

“O ò jẹ ẹja ẹ?” ni ìyá rẹ̀ bi í.

“Ẹja ti sú mi, màmá.”

“Ìwọ tí o máa ń fa egungun ẹ̀ mu? Èwo ló tún dé báyìí?”

Ó fi ṣíbí gbé ẹja inú àwo rẹ̀ sínú àwo ìyá rẹ̀. “Ẹ bá mi jẹ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ nílò ẹ̀ jù.”

“Wàá rí ẹni tọ́jú ẹ, ọmọ mi.”

Bó ṣe ń rí nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jókòó jẹun. Ọmọ á gbé ẹja kúrò nínú àwo rẹ̀, ìyá á ṣàdúrà, wọ́n á sì jẹ ẹ́.

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ìyá. Ó máa ń lọ́ wọn bí ẹni ń fún aṣọ. Ọwọ́ wọn wá ń gbọ̀n, wọn ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ọmọ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ara àgbà ni, kí wọ́n fi ẹran pupa sílẹ̀, kí wọ́n máa jẹ ẹja dáadáa.

“Ẹ gbọ́ bí dókítà ṣe wí,” ni Àǹtí Omi-Mọ́ ń tẹnu mọ́ ọn nínú mọ́tò. “Ẹja, màmá. Ẹja ni o.”

Ìyá kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n á ti rà á.

Lọ́dún náà, ìgbìmọ̀ kan tó ń fún ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀bùn lórí ìtọ́jú àyíká kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ wá wo adágún. Inú Ẹléyín dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lórí àtẹ̀gùn. “Ìwọ lo máa gorí pèpéle lọ gba ẹ̀bùn yìí,” ló wí fún Àǹtí Omi-Mọ́. “Lọ ra bàtà tuntun.”

Ó rò ó pé kí òun sọ pé ó tó. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ̀gá, ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Lẹ́yìn náà ló lọ ra bàtà.

Lọ́jọ́ tí àlejò dé, wọ́n ta ìbòòji sẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, wọ́n to àga, wọ́n pe àwọn ará àdúgbò. Ìyá Àǹtí Omi-Mọ́ jókòó níwájú, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n ti rán kí ọwọ́ wọn tó máa gbọ̀n. Ẹja tí wọ́n kó sínú omi láàárọ̀ ń yọ ẹnu sókè. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ló ṣáájú ìgbìmọ̀ náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo adágún, ó ka pátákó, ó wá yíjú sí Ẹléyín.

“Àǹfààní wo làwọn ará àdúgbò ń jẹ nínú adágún yìí?”

Ẹléyín ń la ẹnu lọ́wọ́ nígbà tí ìyá dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fèsì ìyẹn. Èmi ni mo bí i.” Wọ́n nawọ́ sí ọmọ wọn. “Ẹ ṣáà má bínú sí bàbá géètì. Wọ́n ní kí wọ́n máa rì ẹja tó bá kú nínú adágún yìí mọ́lẹ̀. Ta ló máa ń sin ẹja? Ìyàwó wọn ń yan án, gbogbo àdúgbò la sì ń rà á jẹ. Èmi ò jẹ ẹja mìíràn mọ́ látìgbà tí a ti kó débí. Ẹ wò mí, ó ń bọ́ wa!”

Àtẹ́wọ́ sọ. Àwọn kan tilẹ̀ hó.

Àǹtí Omi-Mọ́ ní òun ò gbọ́ àtẹ́wọ́ náà. Gbogbo ẹja tó ti fi ṣíbí gbé sínú àwo ìyá rẹ̀ ló ń padà wá sí i lójú, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo Ẹléyín. Ẹ̀rín ti kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó mọ̀! Ó mọ ohun tó wà nínú omi yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó wo ìyá, ó wo àwọn àlejò, ó wo ìyá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rín náà sì padà sójú rẹ̀, ó wá ń pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ.

“Ẹ ò gbọ́ nǹkan!” ló ké. “Ẹja ilé-iṣẹ́ wa ń bọ́ àdúgbò!”

Mo ti kọ ìtàn oríṣiríṣi ènìyàn rí, olè, oníṣekúṣe, òpùrọ́. Kò sí èyí tó rí mi lára tó àtẹ́wọ́ yẹn.

Ìyàwó bàbá géètì, tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀, wá rí i pé wọn ò ní lé ọkọ òun. Ó ṣí abọ́ tó gbé wá. Ó ti yan ẹja fún àlejò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in lórí pépà.

Obìnrin aláwò ojú na tirẹ̀ sí Ẹléyín. “Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ jẹ.”

“Dókítà ti kìlọ̀ ẹja fún mi,” ni Ẹléyín dáhùn, ó sì sún sẹ́yìn.

“Ó dáa. Ọ̀gá ètò àyíká ńkọ́?”

Wọ́n gbé e fún Àǹtí Omi-Mọ́. Ó dì í mú, kò gbé e sẹ́nu.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. “Èyí? Kì í jẹ ẹja! Gbé e wá, èmi ni mo máa ń bá a jẹ tiẹ̀.” Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bù ú, wọ́n gbé e sẹ́nu.

Ó gbá ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Ẹja fò, ó bọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, “O gbá ìyá ẹ lọ́wọ́?”

“Ẹ má jẹ ẹ́, màmá! Omi yìí ló pa á. Omi bátìrì ni. Kò sí ẹja kankan tó sùn nínú ẹ̀ tó jí rí. Èmi ni mò ń kó wọn kúrò láàárọ̀, èmi ni mò ń fi òmíràn rọ́pò.”

Kò sọ ọ́ tán tó fi bì. Ó bì sórí bàtà tuntun.

“Àǹtí,” ni bàbá géètì wí, ohùn wọn ò dún sókè. “Òoru lẹ pè é fún mi. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń jẹ ẹ́.”

Àǹtí Omi-Mọ́ ò wo ojú wọn. Ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ó ń retí kí ìyá rẹ̀ bú u, kó gbá a létí. Ìyá kàn ń wò ó, wọ́n sì ń ro nǹkan kan.

“O mọ̀,” ni ìyá wí.

“Mi ò mọ̀ pé òun lẹ̀ ń jẹ, màmá. Mo fi Ọlọ́run búra.”

“Kí ló dé tí ìwọ ò jẹ ẹ́?”

“Ó ń rí mi lára ni. Òórùn ẹ̀...”

“O ò jẹ ẹ́. Ti inú àwo ẹ gan-an, inú àwo tèmi lo ń kó o sí.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, èmi gbà pé kò mọ̀. Mo ti wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ìyá rẹ̀.

Ẹléyín sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun kò mọ nǹkan kan, pé obìnrin náà ló ń dá ṣe gbogbo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ò gba ẹ̀bùn lọ́dún yẹn. Wọ́n lé Àǹtí Omi-Mọ́, wọ́n lé bàbá géètì, wọ́n gba ilé tí Àǹtí àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí adágún, wọ́n gbin òdòdó sórí rẹ̀. Omi náà ti padà sí gọ́tà ẹ̀yìn ọgbà. Ọmọbìnrin mìíràn ló jókòó sí ọ́fíìsì yẹn báyìí, ó ń mú àlejò wo òdòdó, Ẹléyín sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nílé ìwòsàn ńlá, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò, wọ́n bá òjé nínú rẹ̀. Ìyá ń gba oògùn. Inú rírun ti dín kù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n, wọn ò sì lè ránṣọ mọ́. Ọ̀dọ̀ àbúrò Àǹtí Omi-Mọ́ ọkùnrin ni wọ́n ń gbé.

Àǹtí Omi-Mọ́ ní kí n sọ fún yín pé, bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ kan fún yín tí ẹ ò lè sọ òótọ́ ẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì, kí ẹ má gbà á, ì báà jẹ́ pé òjò ń jò sí ìyá yín lórí. Mo ti sọ ọ́. Ohun tó sọ fún mi gbẹ̀yìn, kò ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní kí n má kọ ọ́.

Ó ń lọ kí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, oúnjẹ lọ́wọ́. Ó se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹran, kò fi ẹja sí i. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ wá jẹun.”

Ìyá wo oúnjẹ náà. Wọ́n mú ṣíbí, wọ́n nà án sí i.

“Kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀.”

Ó bu ìrẹsì àti ọbẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ìyá tẹjú mọ́ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ títí ó fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà, wọ́n gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi etí aṣọ wọn nù ún dáadáa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.